Ọkọ̀ Ogun Abẹ́ Omi Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Láàárín Ogun Àgbáyé Méjèèjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òǹkàwé ń béèrè léraléra nípa ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò láti ọdún 1919 títí di 1941. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Báwo ni ọkọ̀ abẹ́ omi ìgbà náà ṣe ń rì, tí ó sì tún ń léfòó?

Irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó gùn bí ọ̀pá, àgbá omi sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Bí àwọn atukọ̀ bá ṣí àwọn àgbá yìí, omi òkun á wọlé, afẹ́fẹ́ á jáde, ọkọ̀ á wúwo, á sì rì. Bí wọ́n bá fẹ́ gòkè, wọn á tú afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ti fún mọ́ inú sìlíńdà sínú àgbá náà, kí ó lè ti omi jáde.

Lójú omi, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e rìn. Ẹ́ńjìnnì kò lè ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ nítorí pé ó ń lo afẹ́fẹ́, bátìrì ńláńlá ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, bátìrì náà lè tó bí ọjọ́ kan. Bí ó bá sá eré àsápajúdé, nǹkan bíi wákàtí kan ti tó láti tán an. Òru ni wọ́n sábà máa ń gòkè láti rọ iná sí bátìrì padà. Ẹni tó bá fi ojú ọkọ̀ átọ́míìkì òde òní, tó lè wà nísàlẹ̀ fún oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wo ọkọ̀ ìgbà yẹn, yóò ṣi ìtàn rẹ̀ lóye.

Láti ìgbà wo ni Amẹ́ríkà ti ní irú ọkọ̀ yìí?

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1900 ni ìjọba Amẹ́ríkà ra èyí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ John Philip Holland, ọmọ ilẹ̀ Áyálàǹdì tó ti ṣe olùkọ́ rí kí ó tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi pe ọkọ̀ ọ̀hún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n rán díẹ̀ lọ sí erékùṣù Azores àti etíkun Áyálàǹdì. Ìjì òkun ibẹ̀ fi yé wọn pé ọkọ̀ wọn kéré jù, àti pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Irú ọkọ̀ wo ló pọ̀ jù lọ lẹ́yìn ogun náà?

Irú S ni, wọ́n sì kọ́ 51 nínú wọn. Kò sí ẹyọ àwòṣe kan tí gbogbo wọn tẹ̀lé: ilé iṣẹ́ Electric Boat ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ Lake ní tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ìjọba náà sì ya tiwọn. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 219, ó ní ihò mẹ́rin níwájú fún tọ́pídò, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń sáré lábẹ́ omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá, ó ní ìbọn ńlá kan lórí, ó sì ń sáré tó máìlì òkun 14 sí 15 ní wákàtí kan. Irú O 16 àti irú R 27, tí wọ́n kéré sí i, náà ṣì ń ṣiṣẹ́, pàápàá jù lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló máa ń fojú kéré irú S torí pé ó ti gbó kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Èrò tiwa yàtọ̀. Inú ọkọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá di ọ̀gá nígbà ogun ti kọ́ iṣẹ́, òun náà ló sì gbé wọn la Òkun Pàsífíìkì kọjá dé Manila ní ilẹ̀ Fílípíìnì, níbi tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ ìlà oòrùn Éṣíà.

Kí ló dé tí àwọn kan ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, tí àwọn mìíràn ń jẹ́ orúkọ ẹja?

Ní ọdún 1911 ni wọ́n pa orúkọ tì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1931, wọ́n padà sí orúkọ ẹja àti ohun abẹ̀mí inú omi fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Bí V-1 ṣe di Barracuda nìyẹn, tí V-5 sì di Narwhal. Àwọn irú O, R àti S kò yí orúkọ padà.

Nautilus mélòó ló wà gan-an?

Mẹ́ta ni ẹ̀yin òǹkàwé máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni V-6, ọkọ̀ ogun tó gba orúkọ náà ní 1931 tó sì jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èkejì ni O-12 àtijọ́, tí ìjọba yá Hubert Wilkins ní dọ́là kan kí ó lè fi gba abẹ́ yìnyín lọ sí òpin ayé ní ìhà àríwá ní ọdún 1931 kan náà. Ẹ̀rọ rẹ̀ bà jẹ́ lọ́nà, kò dé ibi tó ń lọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rì í sínú omi nítòsí ìlú Bergen ní ilẹ̀ Norway. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ átọ́míìkì àkọ́kọ́, tó wọ iṣẹ́ ní 1954, tó sì dé òpin àríwá ayé ní 1958.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gbé ọkọ̀ òfúrufú sínú ọkọ̀ abẹ́ omi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe ilé onírin róbótó sórí S-1, wọ́n sì kó ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó ń bà lé omi sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1926, wọ́n gbé e jáde, wọ́n tò ó pọ̀, ó fò, ó padà dé, wọ́n sì tún gbé e wọlé. Ó gba àkókò púpọ̀ jù fún ọkọ̀ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìfarapamọ́, wọn kò sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀.

Báwo ni ìgbésí ayé ṣe rí nínú wọn?

Ó le. Nǹkan bí ogójì ọkùnrin ló ń gbé nínú irú S, láàárín ẹ̀rọ, tọ́pídò àti oúnjẹ. Omi tí a lè fi wẹ̀ kò tó nǹkan, òórùn dísẹ́ẹ̀lì kì í kúrò lára aṣọ, èémí gbogbo wọn sì ń di omi tó ń kán láti ara irin. Nínú òkun ilẹ̀ olóoru, ooru náà kọjá àfẹnusọ. Àwọn ọmọ ogun yòókù máa ń pè wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Cuttlefish, tó wọ iṣẹ́ ní ọdún 1934, ni ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn kan rò pé ìgbádùn lásán ni. Omi tó ń kán sórí wáyà a máa jẹ́ kí iná mànàmáná ṣe jàǹbá. Ẹ̀rọ tó gbẹ omi inú afẹ́fẹ́ dáàbò bo ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ pa pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba nígbà tí ogun gbé wọn lọ sí Pàsífíìkì fún oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ǹjẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn atukọ̀ náà?

Wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún wọn. Láti ọdún 1919 títí di 1932, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kò gba aláwọ̀ dúdú tuntun wọlé rárá. Àwọn ọmọ Fílípíìnì ni wọ́n ń fi sí ìdí oúnjẹ àwọn ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláwọ̀ dúdú, iṣẹ́ agbóúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń fún wọn. Nígbà tí ìjà bá dé, ọkùnrin kan náà tó gbé kọfí fún ọ̀gá ní àárọ̀ a máa gbé ọta ìbọn tàbí kí ó dúró ti ẹ̀rọ, láìsí pé ipò rẹ̀ yí padà. Ọdún 1942 ni ẹgbẹ́ náà tó ṣí àwọn iṣẹ́ mìíràn fún wọn. Ìwà ìyànjẹ ni, kò sì yẹ kí a fò ó dá nígbà tí a bá ń yin àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí.

Kí ni Amẹ́ríkà kọ́ lára ọkọ̀ Jámánì?

Lẹ́yìn tí Jámánì túúbá, mẹ́fà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 1919. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú wọn wò, wọ́n sì rí i pé ẹ́ńjìnnì Jámánì àti awò tí wọ́n fi ń wo òkè omi dára ju tiwọn lọ fíìfíì. Wọ́n gbìyànjú láti ṣe irú ẹ́ńjìnnì náà fúnra wọn, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rì púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ní 1921. Ọ̀kan nínú wọn, UC-97, wà ní ìsàlẹ̀ adágún Michigan, láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ V ńláńlá?

Àwọn ọ̀gá ológun ìgbà náà fẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi tí yóò lè máa bá àwọn ọkọ̀ ogun ńlá rìn, kí ó ṣáájú wọn lọ wo ọ̀tá. Èyí gba eré máìlì òkun 21 ní wákàtí kan. V-1, V-2 àti V-3 jáde láàárín 1924 sí 1926, wọn kò sì lè sá eré yẹn. Ẹ́ńjìnnì wọn ń bà jẹ́, wọ́n sì ń lọ́ra láti rì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ Argonaut, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 381, láti máa kó bọ́ǹbù pamọ́ sínú òkun, àti Narwhal pẹ̀lú Nautilus, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbọn ńlá méjì.

Títóbi wọn ló ṣe àkóbá fún wọn: ó ṣòro láti yí wọn, ó sì rọrùn fún ọ̀tá láti rí wọn. Síbẹ̀ wọ́n wúlò nígbà tó yá fún kíkó jagunjagun àti ẹrù lọ sí erékùṣù tí ọ̀tá gbà. Ohun tí a rí kọ́ lára wọn ni bí ọkọ̀ ṣe lè gbé epo tó máa gbé e lọ sí Jàpáánù àti padà, èyí tó di ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé wọn.

Ìjàǹbá wo ló gbajúmọ̀ jù lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920, S-5 rì nítòsí etíkun Delaware nítorí pé fáàfù tí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ń gbà wọlé kò tètè pa. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Charles Cooke, mọ̀ pé ọkọ̀ òun gùn ju bí omi ibẹ̀ ti jìn lọ. Ó jẹ́ kí omi ṣàn sí iwájú, ó tú afẹ́fẹ́ sínú àgbá ẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ sì yọ sókè. Wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ lu ihò kékeré sára irin náà, wọ́n na aṣọ jáde láti ibẹ̀ bí àsíá, ọkọ̀ tó ń kọjá sì rí wọn. Gbogbo wọn ló yè.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1923, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu O-5 ní ẹnu ọ̀nà omi Pánámà. Henry Breault ti dé òkè, ì bá sì ti fò sínú omi. Ó padà wọlé láti jí ẹnì kejì rẹ̀ tó ń sùn, ó sì pa ìdérí mọ́ ara wọn. Wákàtí 31 ni wọ́n lò nísàlẹ̀ kí wọ́n tó fà wọ́n jáde láàyè. Ó gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún akọni ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tó tẹ̀ lé e burú. Ọkọ̀ èrò City of Rome kọlu S-51 ní oṣù Kẹsàn-án 1925. Ẹni 33 kú, mẹ́ta péré ló yè. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1927, ọkọ̀ Paulding kọlu S-4 nítòsí Provincetown. Àwọn òmùwẹ̀ gbọ́ tí ẹni mẹ́fà ń kan irin láti inú yàrá tọ́pídò, tí wọ́n ń béèrè bóyá ìrètí wà. Ìjì kò jẹ́ kí iṣẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ inú yàrá sì tán. Gbogbo ẹni 40 tó wà nínú rẹ̀ ló ṣòfò. Títí di òní, kò rọrùn láti ka ìtàn ìlù irin yẹn kí omi má bọ́ lójú ẹni.

Kí ni wọ́n ṣe kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́?

Charles Momsen, ọmọ ogun abẹ́ omi kan, ti dábàá agogo onírin tí a lè sọ̀ kalẹ̀ sórí ọkọ̀ tó rì, ṣùgbọ́n wọn kò kọbi ara sí i kí S-4 tó rì. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe àpò rọ́bà kan tí a ń so mọ́ àyà, tí èròjà kan nínú rẹ̀ ń fọ èémí mọ́, kí ènìyàn lè rọra fi léfòó láti inú ọkọ̀ tó rì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dán an wò. Allan McCann ló parí agogo ìdóòlà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Wọ́n tún kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan tó kún fún omi sí New London, níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń jáde. S-4 tí wọ́n gbé sókè ni wọ́n fi ń dán púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò yìí wò.

Ṣé agogo náà gba ẹnikẹ́ni là?

Ó gba ẹni 33 là. Ní àárọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1939, Squalus rì sí ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 240, nítòsí Portsmouth ní New Hampshire. Fáàfù afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ló tún dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó ń tọ́ka sí i fi hàn pé ó ti pa. Lloyd Maness di ilẹ̀kùn onírin tó wúwo mú títí àwọn tó lè sá fi kọjá, lẹ́yìn náà ló tì í. Ẹni 26 tó wà ní ìhà ẹ̀yìn kú.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Falcon sọ agogo náà kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ tó sì bọ̀. Ní ìgbà kẹrin okùn rẹ̀ há, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú òkùnkùn kí wọ́n tó dé òkè. Momsen wà níbẹ̀, ó ń darí àwọn òmùwẹ̀.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sailfish. Sculpin ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rí ibi tí Squalus rì sí. Ní 1943, àwọn ará Jàpáánù rì Sculpin, wọ́n sì kó 21 nínú atukọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ Chuyo. Sailfish, láìmọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, rì Chuyo. Ẹni 20 nínú wọn kú.

Kí ni ìsopọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ abẹ́ omi àti ọkọ̀ ojú irin?

Ẹ́ńjìnnì ni. Dísẹ́ẹ̀lì ti àwọn ọdún 1920 wúwo, kò sì lágbára tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ké sí àwọn ilé iṣẹ́ láti ṣe ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́, tó sì yára. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà ń wá irú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Winton, ti ilé iṣẹ́ General Motors, wọ inú ọkọ̀ ojú irin Zephyr ní 1934, ẹbí rẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi irú Porpoise. Ẹ́ńjìnnì Fairbanks-Morse tún tẹ̀ lé e. Ọjà ńlá ti ojú irin ló jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lè náwó sí ìwádìí tí ọkọ̀ abẹ́ omi díẹ̀ kò lè san.

Kí ló dé tí tọ́pídò wọn fi ń kùnà nígbà tí ogun dé?

Àìdánwò ló fà á. Ohun aṣíná tuntun tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ tọ́pídò ìjọba ní Newport yẹ kí ó bú gbàù lábẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tá nígbà tó bá gbọ́ agbára òòfà irin rẹ̀. Ní 1926, wọ́n dán an wò lára ọkọ̀ abẹ́ omi ògbólógbòó kan, L-8. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni: ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kùnà lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò tún yin èyí tó ní ẹ̀tù nínú mọ́ títí ogun fi dé, nítorí pé tọ́pídò kan ń náni tó nǹkan bíi 10,000 dọ́là, àti nítorí pé wọ́n fi ohun náà ṣe àṣírí débi pé àwọn tó máa lò ó kò mọ̀ pé ó wà.

Àléébù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Tọ́pídò náà ń rìn jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Èyí tó ń gbọ́ òòfà ń bú ṣáájú àkókò. Pínnì iwájú rẹ̀ sì ń tẹ̀ nígbà tó bá gbá ọkọ̀ ọ̀tá gan-an. Ó di ìparí ọdún 1943 kí wọ́n tó yanjú gbogbo rẹ̀. A kò rí àwáwí kankan fún èyí.

Ṣé ogun tí wọ́n múra sílẹ̀ fún ni wọ́n jà?

Rárá. Ètò wọn láti ọdún 1920 ni pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ńlá yóò la Pàsífíìkì kọjá lọ bá Jàpáánù, kí ọkọ̀ abẹ́ omi sì máa ṣe amí fún un. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ́ ìṣọ́ra tó pọ̀ jù nígbà ìdánrawò, wọ́n ń wà nísàlẹ̀, wọ́n ń fi etí nìkan wá ọ̀tá kí ọkọ̀ òfúrufú má bàa rí wọn. Lọ́dún 1942, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn nípò, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ rọ́pò wọn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé irú ọkọ̀ tí ètò àtijọ́ bí, tó ní epo tó pọ̀, eré tó dára àti tọ́pídò púpọ̀, ló bá iṣẹ́ tuntun mu. Ọkọ̀ irú Tambor ti 1940 ní ihò tọ́pídò mẹ́wàá. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ló rì ohun tó lé ní ìdajì gbogbo ẹrù ọkọ̀ òwò tí Jàpáánù pàdánù, wọ́n sì pàdánù ọkọ̀ 52 tiwọn.

Ṣé wọ́n tẹ̀ lé àdéhùn London?

Ní 1921 sí 1922, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn ilẹ̀ yòókù ní ìpàdé Washington pé kí a pa ọkọ̀ abẹ́ omi run pátápátá, Faransé kọ̀. Àdéhùn London ti 1930 fún Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáánù ní òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi wọn, tọ́ọ̀nù 52,700, ó sì pàṣẹ pé ọkọ̀ abẹ́ omi kò gbọdọ̀ rì ọkọ̀ òwò láì kọ́kọ́ kó àwọn èrò inú rẹ̀ síbi ààbò. Amẹ́ríkà pa ti òṣùwọ̀n mọ́, òun gan-an sì ti fi bí Jámánì ṣe ń rì ọkọ̀ òwò ṣe ìdí fún wíwọ ogun ní 1917.

Ti èrò ọkọ̀ òwò ni wọn kò pa mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù Pearl Harbor, àṣẹ jáde láti Washington pé kí ọkọ̀ abẹ́ omi bá Jàpáánù jagun láìsí ìdènà kankan. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Dönitz, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, ní Nuremberg ní 1946, Chester Nimitz, ọ̀gá ọ̀wọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní Pàsífíìkì nígbà ogun, tí òun náà ti darí ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà èwe rẹ̀, kọ̀wé jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe jà láti ọjọ́ kìíní. Ilé ẹjọ́ náà kò ka rírú òfin ogun abẹ́ omi mọ́ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n fún Dönitz.